Bí Ọkọ̀ Tó Ń Dá Fò Bá Dé Èkó, Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Gbé?

Ọkọ̀ náà ti wà. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì ń rò pé inú sinimá nìkan ló wà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, àjọ tó ń rí sí ìrìnnà òfurufú ní Ṣáínà fọwọ́ sí ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní EH216-S pé ó yẹ kó máa gbé èèyàn. Ilé iṣẹ́ EHang ní ìlú Guangzhou ló ṣe é. Èrò méjì ló ń gbà, kò ní awakọ̀, kò tilẹ̀ sí àga awakọ̀ nínú rẹ̀. Èrò á wọlé, wọ́n á de bẹ́líìtì, ọkọ̀ á gbéra sókè lójú kan láìsáré lórí ilẹ̀ rárá, á gba ọ̀nà tí wọ́n ti là sílẹ̀ fún un, á sì bà síbi tí wọ́n ní kó bà sí. Apá mẹ́jọ ló yí i ká, abẹ̀bẹ̀ méjì wà lórí apá kọ̀ọ̀kan, mọ́tò iná ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì ń yí wọn, kó lè jẹ́ pé bí ọ̀kan bá dákẹ́, àwọn yòókù á gbé e délẹ̀. Ó lè sáré tó kìlómítà 130 ní wákàtí kan, bátìrì rẹ̀ sì lè gbé e tó kìlómítà 30. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, wọ́n fún ilé iṣẹ́ méjì láṣẹ láti máa fi í gbé èrò tó ń sanwó ní Guangzhou àti ní Hefei. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, ó fò ní Kigali, olú ìlú Rùwáńdà, lórí ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí.

Láti pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà dé Marina, lójú òfurufú, kò ju nǹkan bíi kìlómítà 16 lọ. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà yẹn rí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí òjò sì ń rọ̀, kò ní bi wá léèrè ìdí tí ẹnu gbogbo wa fi ń yà sílẹ̀ nígbà tí irú fídíò bẹ́ẹ̀ bá wọ orí fóònù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá! Ilé mi wà ní Yábàá, ibi iṣẹ́ mi wà ní Broad Street, mo sì mọ bàbá tí kì í rí ojú àwọn ọmọ rẹ̀ lójú mọ́ àfi ọjọ́ Àìkú, nítorí wọ́n ti sùn kó tó wọlé, wọn ò sì tíì jí nígbà tó bá ń jáde. Ohun tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ń gbà lọ́wọ́ wa nìyẹn. Ẹni tó bá ní òun ní ohun tó lè dá a padà fún wa, ó yẹ ká dá a lóhùn tọwọ́tọwọ́.

Bí mo ṣe ń kà nípa ọkọ̀ yìí, ohun kan hàn sí mi kedere: ó rọrùn fún kọ̀ǹpútà láti dá wa ọkọ̀ lójú òfurufú ju kó dá a wà lójú títì lọ. Ẹ bá mi wo Oṣòdì ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Danfo kan fẹ́ yọ orí láti abẹ́ afárá bọ́ sójú ọ̀nà. Kọ́ńdọ́ á bẹ́ sílẹ̀, á na àtẹ́lẹwọ́ sí jíìpù tó ń bọ̀, á fi ọwọ́ kejì gbá ara ọkọ̀ tiwọn kí dírẹ́bà lè mọ̀ pé àyè ti ṣí. Ẹni tó wà nínú jíìpù á wo ojú kọ́ńdọ́, á fi ojú wọ̀n ọ́n bóyá irú èyí tó ń dúró ni tàbí irú èyí tí kì í dúró. Kẹ̀kẹ́ Márúwá á ti máa bọ̀ láti iwájú, lójú ọ̀nà tí kò yẹ kó gbà. Obìnrin tó gbé àwo ẹ̀pà rù á sì kọjá láàárín gbogbo wọn, kò ní wo ọ̀tún, kò ní wo òsì, nítorí ó mọ̀ pé wọ́n ti rí òun. Nínú gbogbo èyí, kò sí ọ̀kankan tí wọ́n kọ sínú ìwé òfin ìrìnnà. Ojú ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, àti ọwọ́, àti fèrè, àti èébú díẹ̀.

Ní Phoenix àti San Francisco, ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ Waymo ti ń gbé èrò kiri láìsí ẹnikẹ́ni nídìí sítẹrín. Àmọ́ títì tí wọ́n ti yàwòrán rẹ̀ tinú-tẹ̀yìn ni wọ́n ń gbà, níbi tí ẹni tó ni ọ̀nà ti mọ̀ pé òun ló ni ín. Bí a bá gbé ọ̀kan nínú wọn wá sí Oṣòdì, ìdúró ni yóò dúró, yóò máa retí kí ọ̀nà ṣófo, ọ̀nà kò sì ní ṣófo. Òfurufú kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí kòtò níbẹ̀, kò sí agbèrò, kò sí ẹni tí yóò já lu èèyàn láti ẹ̀gbẹ́. Afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀, àti òjò, ẹyẹ, òpó iná, òpó àwọn ilé iṣẹ́ fóònù, àti bàálù mìíràn. Ẹ̀rọ lè rí gbogbo ìwọ̀nyẹn, ó sì lè yẹra fún wọn. Àwọn bàálù ńlá tó ń gbé wa lọ sí Àbújá gan-an, ẹ̀rọ ló ń darí wọn fún apá tó pọ̀ jù nínú ìrìn náà, ó ti pẹ́ tó ti rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, n kò sí lára àwọn tó ń bẹ̀rù ọkọ̀ yìí torí pé kò ní awakọ̀. Ibòmíràn ni ẹ̀rù mi wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti bátìrì, nítorí òun ló ń pinnu gbogbo nǹkan. Gbígbé ohun tó wúwo sókè lójú kan, kó sì dúró síbẹ̀, ń jẹ agbára gan-an. Agbára tó wà nínú epo bẹntiróòlù kílò kan fi ìlọ́po tó lé ní ogójì ju èyí tó wà nínú bátìrì kílò kan lọ. Lóòótọ́, mọ́tò iná kì í fi agbára ṣòfò bí ẹ́ńjìnì elépo, síbẹ̀ àlàfo yẹn ṣì pọ̀. Ìdí nìyẹn tí EH216-S kò fi lè ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 lọ lókè kó tó ní láti bà. Kò lè ti Marina dé Bàdágìrì. Kò lè dé Ẹ̀pẹ́. Ó lè dé Ìkòròdú, ó lè dé Ìkẹjà, ó parí síbẹ̀.

Bátìrì yìí, pẹ̀lú owó gegere tí ìwé àṣẹ ń náni, ló ti gbé ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ṣubú. Ní ọdún 2016, Uber gbé ètò kan jáde tí wọ́n pè ní Elevate. Wọ́n ní tó bá máa fi di 2020 àwọn á ti máa dán ọkọ̀ tó ń fò wò, tó bá sì di 2023 àwọn á ti máa gbé èrò. Ìparí ọdún 2020 yẹn gan-an ni wọ́n gbé ẹ̀ka náà fún ilé iṣẹ́ Joby Aviation. Larry Page tó wà lára àwọn tó dá Google sílẹ̀ náwó sórí Kitty Hawk, ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe ọkọ̀ tó ń fò, wọ́n tì í pa ní ọdún 2022. Volocopter ti Jámánì fẹ́ gbé èrò ní Paris nígbà ìdíje Òlíḿpíìkì 2024. Ìdíje dé, ìdíje lọ, ìwé àṣẹ ò jáde. Kí ọdún náà tó parí, ilé iṣẹ́ ọ̀hún ti lọ sílé ẹjọ́ pé àwọn ò lè san gbèsè mọ́. Lilium tí wọ́n jọ jẹ́ ará Jámánì ti ṣáájú wọn lọ ní oṣù Kẹwàá. Joby ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Tiwọn ní awakọ̀ kan àti èrò mẹ́rin, wọ́n sì bá ìjọba Dubai tọwọ́ bọ̀wé ní ọdún 2024 láti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ tó wà nídìí iṣẹ́ yìí kò kéré, owó wọn kò kéré, wọ́n ṣì ń tiraka, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n kí ìjọba kankan ní Èkó má ṣe gbé ètò ìrìnnà ìlú ka orí ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ kan bá dá.

Ó wá kan ìṣirò tí mo fẹ́ kí gbogbo ará Èkó bá mi ṣe. Ká sọ pé a kọ́ ibùdó kan sí Ìkẹjà, ọ̀kan sí Marina, kí ọkọ̀ kan sì máa gbéra ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan láìsinmi. Ìyẹn gan-an le, nítorí ọkọ̀ ní láti bà, èrò ní láti sọ̀kalẹ̀, wọ́n ní láti pààrọ̀ bátìrì tàbí kí wọ́n fi iná sí i. Àmọ́ ká gbà pé ó ṣeé ṣe. Ọgọ́ta ọkọ̀ ní wákàtí kan, èrò méjì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọgọ́fà èèyàn. Danfo ń gbé èèyàn mẹ́rìnlá, bí wọn ò bá fún wọn pọ̀. Danfo mẹ́sàn-án ti kó gbogbo wọn tán. Gbogbo ọ̀run Èkó á máa kùn lóòrùn-lóòjò, ọkọ̀ olówó gọbọi á máa gbéra ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú, ohun tí danfo mẹ́sàn-án tó tò sídìí afárá Ọbaléńdé lè gbé ni yóò gbé. Bí a bá tilẹ̀ fi ti Joby tó ń gba èrò mẹ́rin rọ́pò rẹ̀, kò ní ju danfo méjìdínlógún lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ti dúró ní CMS ní aago márùn-ún, tó rí bí èrò ṣe ń ya wọ ọkọ̀, mọ̀ pé danfo méjìdínlógún kò ní jẹ́ kí ìlà náà mì rárá.

Iye owó EH216-S ní Ṣáínà jẹ́ mílíọ̀nù méjì àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 390 owó yuan, nǹkan bí ìdajì bílíọ̀nù náírà. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde ní ọdún 2024 jẹ́ 85,000 náírà. Mo fi àwọn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí a lè mọ ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ní "èrò".

Ẹni yẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú, kì í ṣe pé mo kórìíra olówó. Ní São Paulo, ní Bràsíìlì, àwọn olówó ti kúrò lójú títì tipẹ́. Hẹlikọ́pítà pọ̀ níbẹ̀ débi pé ìlú díẹ̀ láyé ló tó o, orí òrùlé ilé gogoro lọ́pọ̀lọpọ̀ sì ni wọ́n ń bà sí. Airbus tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan níbẹ̀ ní ọdún 2017 tí wọ́n ń pè ní Voom, tí èèyàn lè fi fóònù pe hẹlikọ́pítà bí ẹni pe takisí. Wọ́n dá a dúró ní 2020. Gbogbo ọdún tí hẹlikọ́pítà fi ń fò lókè yẹn, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ São Paulo kò yé jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó le jù láyé. Àwọn tó ń fò kò dín èrò tó wà nílẹ̀ kù. Wọ́n kàn kúrò láàárín wọn ni.

Mo jókòó sínú danfo kan lórí Third Mainland ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a ò lọ, a ò bọ̀. Ilẹ̀ ọkọ̀ náà ti dípẹtà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, wọ́n fi pákó bò ó, mo sì ń rí ọ̀dà títì láti etí pákó náà. Ìyá kan tó ti Ìdúmọ̀tà bọ̀ gbé àpò ọjà sórí itan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Hẹlikọ́pítà kan fò kọjá lórí ọ̀sà, ó ń lọ síhà Ìkẹjà.

"Ọmọ mi, àwọn wo ló wà nínú ìyẹn?"

"Ó jọ àwọn tó ń ti ìdí kànga epo rọ̀bì lójú òkun bọ̀, Màmá."

"Wọ́n á ti wẹ̀, wọ́n á ti jẹun, kí àwa tó dé Ọwọ́rọ̀ńṣókí."

Dírẹ́bà rẹ́rìn-ín níwájú. "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, àwa náà á dé."

Kò sí ìkórìíra nínú ohùn màmá náà. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sọ kò kúrò lọ́kàn mi. Afárá tí a jókòó lé lórí yẹn gùn tó kìlómítà 11.8. Nígbà tí wọ́n ṣí i tán ní ọdún 1990, kò sí afárá tó gùn tó o ní gbogbo Áfíríkà. Ìdí tí wọ́n fi ń tún un ṣe, tí wọ́n fi ń tì í pa láti tún irin ìsàlẹ̀ rẹ̀ dè, ni pé gbogbo ayé ló ń gbà á: gómìnà, ọ̀gá báńkì, alájàpá, ọmọ iléèwé. Ọjọ́ tí gómìnà àti ọ̀gá báńkì bá ti ń gba ojú ọ̀run lọ sí ibi iṣẹ́, ta ni yóò máa ránnu mọ́ afárá? Ọkọ̀ onífèrè tó ń lé wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ti jẹ́ ká rí díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí fèrè ń la ọ̀nà fún kì í mọ̀ pé ọ̀nà dí.

Ìtàn reluwé wa wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀rí. Gómìnà Lateef Jakande bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Metroline ní ọdún 1983. Ní 1985, ìjọba ológun Muhammadu Buhari fagi lé e, owó tó sì bá a lọ lé ní mílíọ̀nù 78 dọ́là. Ọdún méjìdínlógójì lẹ́yìn náà, ní oṣù Kìíní 2023, Buhari kan náà, tó ti di ààrẹ alágbádá, ló wá ṣí Blue Line láti Marina dé Mile 2, kìlómítà 13. Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ ní oṣù Kẹsàn-án. Red Line láti Agbádó dé Oyíngbò tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹwàá 2024, kìlómítà 27. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n fagi lé ti Jakande ti di bàbá àti ìyá ọmọ kí wọ́n tó wọ reluwé Èkó. Mo ti wọ Blue Line láti Marina lọ sí Mile 2 ní ìrọ̀lẹ́, inú mi dùn dé ibi tí n kò lè ṣàpèjúwe: amúlétutù ń fẹ́, ojú fèrèsé mọ́, ọ̀sà ń tàn lábẹ́ wa, ọ̀dọ́kùnrin kan tó gbé irinṣẹ́ bíríkìlà dání ń sùn fọnfọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kan tó wọ kóòtù agbẹjọ́rò. Àwọn méjèèjì jọ wà nínú ọkọ̀ kan náà. Ohun tí mo fẹ́ fún ìlú yìí nìyẹn. Bí owó bá wà nílẹ̀ tí ẹnì kan fẹ́ kó fún ọkọ̀ tó ń fò, kí ó kọ́kọ́ ti Blue Line dé Òkokomáíkò gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe yà á sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ààbò náà kò ṣeé fò. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà ọdún 2012, bàálù kan já lu ilé ní Ìjú-Ìṣàgá. Èèyàn 153 tó wà nínú rẹ̀ kú, àwọn tó jókòó jẹ́jẹ́ sínú ilé wọn náà sì kú. Ní oṣù Kẹjọ 2015, hẹlikọ́pítà kan já sínú ọ̀sà lọ́dọ̀ Ọwọ́rọ̀ńṣókí, èèyàn mẹ́fà kú. Ní oṣù Kẹjọ 2020, òmíràn já lu ilé ní Opèbí, gbogbo àwọn mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀ ló kú. Lábẹ́ ojú ọ̀run Èkó, kò sí ibi tó ṣófo. Bí ẹ bá gun òrùlé ilé kan ní Bàlógun, tánkì omi, jẹnẹrétọ̀ àti wáyà tó lọ́ mọ́ra ni ẹ ó rí, kò sí àyè tí ọkọ̀ lè bà sí. Ní New York, orí ilé Pan Am ni hẹlikọ́pítà ti ń gbé èrò lọ sí pápákọ̀, títí di oṣù Karùn-ún 1977 tí ẹsẹ̀ ọ̀kan kán lórí òrùlé, tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sì pa èèyàn. Ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún tó kú, ojú títì nísàlẹ̀ ló ń rìn lọ ní tirẹ̀. Iṣẹ́ náà parí síbẹ̀.

Ọyẹ́ tún wà. Bí kùrukùru oṣù Kejìlá bá bo Ìkẹjà, àwọn bàálù ńlá gan-an máa ń sún ìrìn wọn síwájú. Iná náà wà níbẹ̀, tí asopọ̀ iná gbogbo orílẹ̀-èdè dojú bolẹ̀ léraléra ní ọdún 2024. Mi ò ní pẹ́ lórí ìwọ̀nyí, ẹni tó ń gbé Èkó kò nílò àlàyé.

Síbẹ̀, mo fẹ́ kí ọkọ̀ náà wá. Mo ń sọ ọ́ tọkàntọkàn.

Àǹtí mi kan, àbúrò màmá mi, ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé ní Ìlàṣẹ̀, ní etí òkun, níbi tí kò sí afárá tó dé. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀ wá sí ìlú, àti nígbà tí ara bá yá, àti nígbà tí kò bá yá. Wọ́n sọ fún mi nípa aládùúgbò wọn kan tí ìrọbí mú ní òru, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń dà lára rẹ̀. Òfin wà pé kí ọkọ̀ ojú omi akérò má rìn lálẹ́, òfin náà sì dára, nítorí àwọn tí omi ti gbé lọ. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin gbé obìnrin náà sórí ẹní dé èbúté, wọ́n ń tan iná fóònù kiri kí wọ́n lè rí ẹni tó ní ẹ́ńjìnì tí yóò gbà láti gbé e. Àǹtí di orí rẹ̀ mú, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ kó má bàa sùn lọ. Wọ́n rí ọlọ́kọ̀ kan níkẹyìn. Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn lódìkejì, wọ́n ní kí wọ́n lọ wá ẹ̀jẹ̀ wá. Ìyá wà láàyè títí dòní. Ọmọ kò sí.

Ẹ wo bí ọkọ̀ tí à ń sọ ṣe bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Ọ̀nà náà kò jìn. Omi ló wà lábẹ́, kì í ṣe òrùlé èèyàn. Kò sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò tó ń dúró. Ẹnì kan péré ni, pẹ̀lú ẹni tí yóò di orí rẹ̀ mú. Àga méjì tó. Gbogbo ohun tó sọ ọ́ di aláìwúlò fún Oṣòdì ló sọ ọ́ di ohun iyebíye fún Ìlàṣẹ̀, Tòmárò àti Ìrẹ́dẹ̀. Ti ẹ̀jẹ̀ kò tilẹ̀ ní kí a dúró de ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2016 ni ilé iṣẹ́ Zipline ti ń fi bàálù kékeré tí kò ní awakọ̀ gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí àwọn ilé ìwòsàn ìgbèríko ní Rùwáńdà. Yóò fò débẹ̀, yóò ju àpótí sílẹ̀ pẹ̀lú párásúùtì, yóò sì yí padà sílé. Ní ọdún 2022, wọ́n bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Kàdúná, lórílẹ̀-èdè tiwa níbí. Ohun tí Kàdúná ti ń ṣe, ó yẹ kí ìpínlẹ̀ tí omi yí ká bíi tiwa ti máa ṣe é.

Nítorí náà, kí ilé iṣẹ́ kankan tó gbé ọkọ̀ rẹ̀ wọ Èkó, kí ìjọba ìpínlẹ̀ àti àjọ NCAA tó ń rí sí ọkọ̀ òfurufú ti kọ ọ́ sílẹ̀: kí àwọn ibùdó àkọ́kọ́ wà ní ilé ìwòsàn. Kí ọ̀kan wà ní General Hospital tó wà ní Odan, kí ọ̀kan wà ní Ìkòròdú, níbi tí ọ̀nà orí ọ̀sà wá sí Marina kò ju nǹkan bíi kìlómítà 23 lọ. Kí pánẹ́ẹ̀lì oòrùn àti bátìrì wà ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, kí ọkọ̀ má bàa dúró de iná ìjọba. Kí ọ̀nà wọn máa gba orí omi, kó má gba orí Muṣin àti Agége. Kí ẹni tó bá fẹ́ fi gbé olówó lọ sí pápákọ̀ san owó orí tí yóò máa gbé aláìsàn erékùṣù lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ilé iṣẹ́ kan bá ní òun ò lè gba irú ìyẹn, kí ó máa lọ sí ìlú tó bá wù ú.

Mo ka apá kan nínú ohun tí mo kọ yìí sétí Àǹtí lórí fóònù. Wọ́n bi mí bóyá ọkọ̀ náà lè bà lórí iyanrìn. Mo ní kò dára kó bà lórí iyanrìn nítorí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, pé wọ́n á ní láti da kọnkéré pẹlẹbẹ kan sílẹ̀ fún un. Wọ́n ní ẹ̀yìn iléèwé ṣófo, pé ó fẹ̀ tó, pé kí n kọ ìyẹn náà sí i.